Kí kírọ́ṣà tó kúrò ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ní kúárì kékeré kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Òkúta tó dáa níbẹ̀ ti ń tán, ilé àwọn èèyàn sì ti ká wa mọ́. Mo ti gba ilẹ̀ míì nítòsí Ìkéré-Èkìtì. Ohun tí mo fẹ́ kó ni katapílà Komatsu PC400 kan, péélódà CAT 966 kan, kírọ́ṣà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta (jọ́ọ̀ 600×900 tó ń kọ́kọ́ jẹ òkúta ńlá, àti kóònù tó ń tẹ̀lé e láti fọ́ ọ wẹ́wẹ́), asẹ́ kan, kọnfẹ́yọ̀ mẹ́rin tó ń gbé òkúta láti ẹ̀rọ kan dé ìkejì, jẹnẹrétọ̀ 500 kVA, ẹ̀rọ tí a fi ń lu òkúta pẹ̀lú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, àti típà mẹ́ta. Onílòbẹ́ẹ̀dì kan, ẹni tó ní ọkọ̀ pẹpẹ gígùn tí a fi ń kó ẹ̀rọ ńlá, ní òun lè kó gbogbo rẹ̀ dé Ìkéré láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí n san ìdajì owó sílẹ̀. Ṣé kí n gbà? Èwo ni kó sì kọ́kọ́ lọ?"

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ má tíì fún un lówó.

Onílòbẹ́ẹ̀dì yẹn lè má parọ́. Láti Abẹ́òkúta dé Ìkéré jẹ́ bíi kìlómítà 300. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá pé méjì tí wọn kò sì bàjẹ́ lọ́nà, ó lè kó ẹrù yín tán ní ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹrù bá ti kan ilẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń parí sí, ibẹ̀ gan-an sì ni tiyín ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kírọ́ṣà dé, kò sí kọnkéré tí yóò jókòó lé, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú koríko, òjò wọ inú mọ́tò rẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn náà wọ́n tún pe kéréènì wá gbé ohun tí kéréènì ti gbé kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó kéréènì lẹ́ẹ̀mejì, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, èlé báńkì tí kì í sùn: ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé owó lòbẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ń pa oníkúárì. Ìkéré ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́rù yìí, kì í ṣe Abẹ́òkúta.

Ẹ ní ẹ ti "gba ilẹ̀". Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìbéèrè yín. Lọ́wọ́ ta ni ẹ ti gbà á? Rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ kọ fún yín dára, ẹ tọ́jú rẹ̀, àmọ́ kò fún yín láṣẹ láti fọ́ òkúta. Lábẹ́ òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, Mining Cadastre Office ní Àbújá ló sì ń fúnni ní ìwé kúárì. Ọdún 5 ni ìwé náà ń lò kí ẹ tó tún un gbà. Òfin kan náà, ní abala 116, ní kí ẹ ti bá àwọn ará ìlú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ yín yóò ṣe sí àyíká náà wà ńbẹ̀. Láti oṣù Kẹta 2024 ni sífú díféǹsì ti ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Mining Marshals, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa lé àwọn tó ń wakùsà láìníwèé. Katapílà tó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí kò níwèé ti di ẹrù ìjọba kó tó bu bọ́kẹ́ẹ̀tì kan.

Ẹ tún lọ kí àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó fi ọ̀dà sàmì sí òkúta kankan. Ní Ìkéré, òkúta kì í ṣe òkúta lásán. Òkè Olósùnta àti Òrólé tó dúró ti ìlú náà, ìbọ ni wọ́n. Ẹ béèrè èwo ni a kì í fọwọ́ kàn, ẹ béèrè ọjọ́ tí a kì í dún nǹkan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n ń là lọ́nà.

Tí ìwé bá ti wà nílẹ̀, kọnkéré ló kàn. Jọ́ọ̀ yín wúwo tó tọ́ọ̀nù 16, ó sì ń gbọ̀n láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kọnkéré tí yóò gbé e fẹ́ ọjọ́ 28 kí ó tó ní agbára tí onímọ̀ ẹ̀rọ kà sí i lọ́rùn, kò sì sí iye owó tí ẹ lè san tí ọjọ́ wọ̀nyẹn yóò fi dínkù. Ẹ ka ògiri tí típà yóò máa fi ìdí tì kó tó da òkúta sínú họ́pà, ẹnu tí òkúta ń gbà wọ kírọ́ṣà, mọ́ ọn, torí ògiri yẹn ló sábà ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì fúnra yín. Ẹ má gbára lé ìwé àwòrán tó bá kírọ́ṣà wá láti fi wọ̀n ihò bọ́ọ̀lùtù. Ẹ ra pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé e lọ síbi tí jọ́ọ̀ dúró sí báyìí ní Abẹ́òkúta, ẹ gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ibi tí bọ́ọ̀lùtù kọ̀ọ̀kan ti yọrí, kí ẹ sì lu pátákó náà níhò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wẹ́dà ti jó irin mọ́ ẹsẹ̀ yẹn lọ́dún tí ẹ kò rántí mọ́. Bí ihò kan bá fi íǹṣì kan péré yẹ̀, kéréènì yóò gbé jọ́ọ̀ dání sókè, wẹ́dà yóò máa fi iná gé irin nísàlẹ̀, wákàtí kéréènì á sì máa ka sí yín lọ́rùn. Pátákó yẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ dé Ìkéré, kó tó kan irin kankan.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ háyà katapílà kékeré, irú tọ́ọ̀nù 20, ní agbègbè Àkúrẹ́ fún ìtúlẹ̀ àti ọ̀nà. Kúárì pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí èyí tí wọ́n ń fi ṣe háyà. Nígbà tí kọnkéré bá ń gbẹ, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń lu òkúta àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú típà kan, kí wọ́n máa ṣí ojú òkúta. Kírọ́ṣà tó ti dúró tán tí kò rí òkúta jẹ, ẹ bá fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀yà kírọ́ṣà máa lọ bí a ó ṣe tò wọ́n: họ́pà àti jọ́ọ̀, kóònù, asẹ́, kọnfẹ́yọ̀, kí pánẹ́ẹ̀lì iná àti jẹnẹrétọ̀ tẹ̀lé wọn. PC400 kàn. Péélódà ni kí ẹ fi sẹ́yìn pátápátá. Òun ló ń bu òkúta tí ẹ ti fọ́ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ àwọn oníbàárà, òkìtì òkúta yẹn ni yóò sì máa san owó ìkẹ́rù yìí. Mo mọ àwọn tó gbé péélódà lọ tán kí wọ́n tó rántí pé ọjà ṣì wà nílẹ̀. Péélódà ẹlòmíì ni wọ́n háyà láti ta ọjà ara wọn.

Títú kírọ́ṣà fẹ́ sùúrù ju títò rẹ̀ lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí ṣe olórí irú iṣẹ́ yìí, mo ní kí wọ́n da gbogbo bọ́ọ̀lùtù sínú dúrọ́ọ̀mù kan kí ọ̀kankan má baà sọnù. Nígbà tí a dé ibi tuntun, ọjọ́ mẹ́rin ni èèyàn mẹ́ta fi jókòó lórí tapólì tí wọ́n ń fi ṣípánà wọ̀n wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ń ní àpò tirẹ̀, wáyà ìdìrin ni a fi ń so àpò náà mọ́ irin tí a ti tú u lára rẹ̀. Ẹ ya àwòrán oríkèé kó tó tú. Ẹ fi ọ̀dà kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà kan náà sí irin tọ̀tún àti tòsì níbi tí wọ́n ti pàdé, A1 kojú A1, kí ọmọ iṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ tú u lè tò ó. Wáyà iná, orí méjèèjì ni kí ẹ sàmì sí, kì í ṣe orí kan. Jọ́ọ̀ ní eyín kan tó ń mì. Ẹ fi igi líle há a pinpin kó má baà máa lu ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fa ọ́ìlì kóònù dànù sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi ìdérí gidi dé ẹnu àwọn páìpù rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ki àkísà bọ̀ ọ́. Òwú àkísà àti eruku ọ̀nà kan ṣoṣo ti tó láti ba pọ́ńpù jẹ́.

Kéréènì tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù 50 ńkọ́? Ìgbà tí ẹrù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan án nìkan ló lè gbé iye yẹn. Bí apá rẹ̀ ṣe ń nà jìnnà ni agbára rẹ̀ ń dínkù, kíákíá sì ni. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín kéréènì dé àárín jọ́ọ̀, kí ẹ ní kí oníkéréènì fi ṣáàtì rẹ̀, ìwé tó ń sọ iye tó lè gbé, hàn yín níbi iye mítà yẹn. Bí kò bá ní ṣáàtì, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí PC400, torí òun ló lè pààyàn. Ẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí amọ̀ tó wà láàárín irin rẹ̀ ṣí kúrò. Amọ̀ ń wúwo, ó sì ń yọ̀ lórí irin lòbẹ́ẹ̀dì. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí lòbẹ́ẹ̀dì dúró sí. Ìwé Komatsu fúnra rẹ̀ ní kí gígun àtẹ̀gùn irin náà má ju dígírì 15 lọ. Bí pẹpẹ lòbẹ́ẹ̀dì bá ga tó mítà kan, àtẹ̀gùn náà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 4, ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń rí lójú pópó kò sì gùn ju mítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹ fi igi ńlá àti yangí tẹ́ ìdí rẹ̀ gùn sí i. Èèyàn kan ṣoṣo ni kí ó máa juwọ́ sí ọ̀pọréétọ̀, kí gbogbo ẹnu tó kù panu mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé góńgó àtẹ̀gùn, ìwúwo rẹ̀ yóò ṣubú síwájú lójijì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọréétọ̀ yóò fi gbé e sọ̀ pẹ̀lẹ́.

Tó bá ti jókòó, ẹ ká apá rẹ̀ lé pẹpẹ, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ ìyípo rẹ̀, ẹ yọ wáyà bátìrì. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ẹ fi náílọ̀n tó nípọn dì í, ẹ fi wáyà wé e. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń bọ́ tọ́bò, fáànù kékeré tí èéfín ń yí, ẹ́ńjìnnì sì kú báyìí. Bí atẹ́gùn bá ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà wọlé fún ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, á máa yí tọ́bò láìsí ọ́ìlì. Ẹ ó dé Ìkéré láyọ̀, ẹ ó tan katapílà, èéfín búlúù ni yóò kí yín. Náílọ̀n kan péré ló ń dènà rẹ̀.

Ṣéènì wá ni mo fẹ́ kí ẹ bá onílòbẹ́ẹ̀dì jà lé lórí. Òfin Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ ńlá bí èyí ní kí ṣéènì má dín ní mẹ́rin, kí àpapọ̀ ìwúwo tí wọ́n lè dì mú tó ìdajì ìwúwo ẹ̀rọ náà ó kéré tán, èmi náà sì ń lò ó bí ìṣirò mi. PC400 jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 42, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 21. Ṣéènì mílímítà 13 tí wọ́n kọ 70 sí lára lè gba tọ́ọ̀nù 5 àti díẹ̀. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 20 àti díẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ẹ̀rọ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan pẹpẹ dé ìkejì; èyí tí ẹ bá kàn fi kọ́ ara ẹ̀rọ, ìdajì agbára rẹ̀ ni òfin náà ń kà. Kò pé! Ẹ fi ẹ̀karùn-ún gba orí apá rẹ̀ kọjá. Ẹ fi ọwọ́ yẹ ojú ṣéènì wò kí ẹ rí nọ́ńbà náà. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, tàbí tí wẹ́dà ti jó pọ̀, ẹ jẹ́ kó máa fa kànga lọ. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí lójú ọ̀nà, kí dírẹ́bà dúró, kó tún gbogbo wọn fún, torí ẹrù á ti jókòó, ṣéènì á sì ti dẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbàrà-Òkè dé Àkúrẹ́. Èkejì gba Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó. Ti àkọ́kọ́ yá, ṣùgbọ́n láti Iléṣà lọ ni òkè àti kọ́nà ti ń gbe ara wọn, ibẹ̀ sì ni bíréèkì ọkọ̀ tó rùgọ̀gọ̀ ti ń gbóná. Tèmi ni pé kí típà, kọnfẹ́yọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ gba Iléṣà, kí PC400 àti jọ́ọ̀ gba Ọ̀rẹ̀ bó tilẹ̀ jìn sí i. Ojúmọmọ nìkan ni kí wọ́n rìn. Kí ẹni tó mọ ọkọ̀ wa ọ̀nà náà wò lọ́sẹ̀ tí ẹrù fẹ́ gbéra, torí ọ̀nà tí ẹ gbà lóṣù tó kọjá lè ti já.

PC400 lórí lòbẹ́ẹ̀dì ga ju mítà 4 àbọ̀ lọ. Bíríìjì ojú pópó kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, wáyà iná abúlé ni, èyí tí òpó rẹ̀ ti fì. Ẹ gé ọparun, ẹ so ó mọ́ iwájú Hilux tó ń ṣáájú, kí orí rẹ̀ wà ní mítà 4 àti sẹ̀ǹtímítà 80 láti ilẹ̀. Ibikíbi tí ọparun bá ti kan wáyà, ọkọ̀ ẹ̀yìn dúró, ẹ pe àwọn oníná kí wọ́n wá pa iná, kí wọ́n gbé wáyà sókè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gun orí katapílà láti fi igi gbé wáyà. Àwọn ọmọ ń kú síbẹ̀.

Ìwúwo: katapílà 42, lòbẹ́ẹ̀dì bíi 17, orí ọkọ̀ bíi 9, ìyẹn 68. Gbèdéke tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò sí ní 2012 jẹ́ tọ́ọ̀nù 51. Bí ẹ bá tilẹ̀ tú irin ìwúwo ẹ̀yìn rẹ̀, tó jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 9, ẹ ṣì kọjá. Ẹrù tí kò ṣeé pín ni, nítorí náà ìwé àṣẹ àkànṣe ni kí ẹ gbà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde, kí Road Safety sì mọ ọjọ́ tí ẹ ń kọjá. Bí onílòbẹ́ẹ̀dì bá ní "a ó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà", ẹ sọ fún un pé ìwé yẹn ni àwọn oníbánigbófò kọ́kọ́ ń béèrè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tó burú jù ni èyí tó kúrò lórí ọ̀dà wọ ibi iṣẹ́. Oṣù Kìíní ni mo rin irú rẹ̀ kan nígbà kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà; yangí rẹ̀ le, típà tó kún ń gba ibẹ̀, mo ní ó dára. Ìwé pẹ́ kó tó jáde, oṣù Kẹfà la tó gbé katapílà dé. Ó ku bíi mítà 800 ká dé. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fọ́ ìkòkò nínú àpò, táyà ẹ̀yìn apá òsì sì wọ inú kọ́fátì, páìpù tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, lọ. Ṣéènì méjì já. Katapílà fì, ó dúró sórí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi orí ru kòkó wọn gba inú odò. Èmi ni mo ní ọ̀nà náà dára. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ wọnú gọ́tà lọ wo kọ́fátì láti abẹ́, kì í ṣe láti òkè. Bí páìpù rẹ̀ bá ti là, ẹ sọ katapílà kalẹ̀ kó tó dé ibẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ odò, lórí òkúta tí ẹ ti tẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pín ìwúwo káàkiri ilẹ̀ ju táyà lọ. Kìlómítà kan kò ní pa á lára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rìn lórí ọ̀dà. Lòbẹ́ẹ̀dì tó gbé jọ́ọ̀ kò ní ẹsẹ̀. Kọ́fátì tuntun ni kí ẹ ṣe fún òun.

Ẹ kò dárúkọ ohun abúgbàù nínú ẹrù yín, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ku díẹ̀ nílé ìkóǹkansí yín. Kò gbọdọ̀ bá ẹrù kankan lọ, kó má wọ ọkọ̀ ẹ̀yin náà, kó má sùn nílé òṣìṣẹ́ kankan lóru ọjọ́ kan. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìwakùsà ni ẹ ó gba ìwé kíkó rẹ̀, ọlọ́pàá yóò tẹ̀lé e, ilé tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní Ìkéré ni yóò sì wọ̀. Gbogbo wa ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024. Ilé táwọn èèyàn ń gbé ni wọ́n kó o sí.

Ní ti owó, ẹ má san ìdajì sílẹ̀. Ẹ san fún ẹrù kọ̀ọ̀kan: díẹ̀ nígbà tí ó bá gun ọkọ̀, èyí tó kù nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ sórí kọnkéré. Kí àdéhùn sọ iye tí ẹ ó san bí ọkọ̀ bá dúró nítorí yín, kó sì sọ pé ẹ kò ní san kọ́bọ̀ bó bá dúró nítorí táyà tirẹ̀.

Bí ẹ bá da kọnkéré ní ìdajì oṣù Kọkànlá, òjò á ti dáwọ́ dúró, jọ́ọ̀ á gun ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kejìlá tàbí lẹ́yìn ọdún, péélódà á sì dé kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó pe onílòbẹ́ẹ̀dì padà, ẹ lọ sí Ìkéré lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọ abẹ́ gbogbo kọ́fátì tó wà láàárín ọ̀dà àti ibi iṣẹ́ yín, ẹ fi téèpù wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò sọ èyí tó lè gbé jọ́ọ̀ fún yín.